Àlejò ló kọ oríkì West Virginia

Bill Danoff kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà rí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ orin tí aráyé wá fi mọ ìpínlẹ̀ náà. Springfield ní Massachusetts ni wọ́n bí i sí, ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí sí àwọn òkè tó wà nínú orin yẹn. Ohun tó mọ̀ nípa ibẹ̀, orí rédíò ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, rédíò WWVA láti ìlú Wheeling máa ń wọlé ketekete nílé wọn, àwọn olórin kọ́ńtírì á sì máa kọrin lórí rẹ̀. Bí orúkọ ibẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́ létí nìyẹn, kó tó di pé ó fojú rí i.

Lọ́dún 1970, òun àti Taffy Nivert, ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin tó sì wá di ìyàwó rẹ̀, ń wakọ̀ lọ síbi àpèjẹ mọ̀lẹ́bí Taffy. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Clopper Road ni wọ́n gbà. Ìpínlẹ̀ Maryland ni ọ̀nà náà wà, kì í ṣe West Virginia. Ọ̀nà tóóró ni nígbà náà, ó ń yí kọ́lọkọ̀lọ láàárín igi àti oko. Danoff bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu dá orin kan nípa ọ̀nà oko bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ibi tí yóò ti dárúkọ ilé, ó kọ́kọ́ ro Massachusetts tiẹ̀, nítorí ìró mẹ́rin ni orúkọ náà ní, Mas-sa-chu-setts, ó sì bá orin mu. West Virginia náà ní ìró mẹ́rin. Òun ló mú.

Ẹ fi ìró mẹ́rin yẹn sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Orin tí mò ń sọ ni Take Me Home, Country Roads, tí John Denver gbé jáde lọ́dún 1971. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nílé wa n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mọ ìtàn rẹ̀, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sinmi: kí ló mú kí àwọn ọmọ onílẹ̀ gba oríkì tí àlejò kọ fún wọn, tí wọ́n gbà á débi pé wọ́n fi òfin sọ ọ́ di orin ìpínlẹ̀? Ohun tí mo rí nígbà tí mo ń wá ìdáhùn ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Alẹ́ tí àtàǹpàkò kán

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún 1970, John Denver ń ṣeré ní Cellar Door, ilé orin kékeré kan ní Georgetown, nílùú Washington. Danoff àti Taffy, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Fat City, ló ń kọ́kọ́ kọrin kí Denver tó bọ́ sórí pèpéle. Denver fúnra rẹ̀ ò tíì lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Roswell ní New Mexico ni wọ́n bí i sí, Henry John Deutschendorf sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ológun òfuurufú ni bàbá rẹ̀, nítorí náà láti kékeré ló ti ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣí láti bárékè kan dé òmíràn. Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ kọrin nípa ilé nìyí, kò sí ọmọ West Virginia kankan nínú wọn. Ẹni tí yóò sì gbé orin náà sẹ́nu fún aráyé gbọ́, kò ní ìlú kan tó lè nawọ́ sí pé ibí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, lẹ́yìn eré, wọ́n ń lọ sílé Danoff kí wọ́n lè jọ ta gìtá díẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, àtàǹpàkò Denver kán. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n di ìka náà. Ẹlòmíràn ì bá gbalé lọ sùn. Denver tẹ̀ lé wọn délé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi orin tí kò tíì parí náà hàn án. Johnny Cash, gbajúmọ̀ olórin kọ́ńtírì, ni wọ́n ní lọ́kàn láti tà á fún. Denver gbọ́ ọ, ó ní òun lòun máa kọ ọ́. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń mọ́, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kún un, wọ́n ń yọ òmíràn kúrò. Ibì kan wà nínú orin náà tí ohùn kan lórí rédíò láàárọ̀ ti ń rán onítọ̀hún létí ilé tó jìnnà. Rédíò Wheeling ìgbà èwe Danoff ló wà lọ́kàn rẹ̀ níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 30, wọ́n kọ ọ́ ní Cellar Door. Gbogbo èrò dìde dúró, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó di oṣù Kìíní, ọdún 1971, wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ní New York. Wọ́n fi báńjò sí i, ohun èlò tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí. Wọ́n tún fi gìtá Hawaii sí i, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹni tí àárò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin King Sunny Ade mọ ohùn náà dáadáa. Òun ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú African Beats. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ilé-iṣẹ́ RCA gbé àwo kékeré náà jáde.

Ilẹ̀ tí orin náà bá

Kí n tó sọ bí àwo náà ṣe tà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ipò tó bá ilẹ̀ tó ń yìn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù.

Ilẹ̀ èédú ni West Virginia. Lọ́dún 1950, ìkànìyàn ka èèyàn 2,005,552 níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1970, wọ́n ti wálẹ̀ sí 1,744,237. Àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ ló jà. Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn awa-èédú, tí ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ sì kó ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Ohio àti Michigan lọ sí àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe táyà àti mọ́tò. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, wọ́n á wakọ̀ lóru padà wá wo àwọn òbí wọn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á tún gbọ̀nà iṣẹ́. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Èkìtì nígbà tí Ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀ mọ irú èrò tí mò ń sọ. Níbi tí wọ́n lọ, àwọn onílé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: ará oko, ará orí òkè, ẹni tí kì í wọ bàtà.

Àwọn tó dúró sílé sì ń sin òkú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1968, ihò èédú kan bú gbàmù ní Farmington, ọkùnrin 78 kú sínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, nǹkan bí 40,000 awa-èédú da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà nítorí àrùn tí eruku èédú ń fi sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọn ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ àfìgbà tí àwọn aṣòfin ṣe òfin pé kí wọ́n máa sanwó fún ẹni tí àrùn náà bá mú. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún yẹn, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin ààbò fún ìwakùsà èédú káàkiri Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1970, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Marshall já lulẹ̀ nítòsí Huntington. Èèyàn 75 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yè.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ lẹ́yìn èyí tí Denver dúró pẹ̀lú àtàǹpàkò tí wọ́n dì lórí pèpéle Washington. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1970, tó pé ọdún kan géérégé tí Nixon ti fọwọ́ sí òfin ààbò yẹn, ihò èédú mìíràn bú gbàmù ní Hyden, ní Kentucky tó bá West Virginia pààlà. Ọkùnrin 38 ló bá a lọ. Mo ti ro ọjọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́sàn-án, àwọn ìyàwó ń dúró lẹ́nu ihò, wọ́n ń retí ọkọ tí kò ní jáde mọ́. Lálẹ́, nílùú mìíràn, àtẹ́wọ́ ń dún fún orin tó pe ilẹ̀ èédú ní olólùfẹ́ awa-èédú.

Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ikú wọ̀nyí nínú orin náà. Awa-èédú wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀, ògógóró tí wọ́n ń pọn nínú igbó wà níbẹ̀, omijé wà lójú ẹni tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n orin ìfẹ́ ni látòkè délẹ̀. Mo ka èyí sí àlèébù. Oríkì tiwa kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń ki Ìbàdàn á yìn ín tán, á tún sọ ọ́ sójú gbogbo ayé pé ibẹ̀ lolè ti ń jàre olóhun, ọmọ Ìbàdàn á sì máa mi orí. Ó dá mi lójú pé bó bá jẹ́ ọmọ awa-èédú ló jókòó kọ orin yìí, orúkọ ihò kan ì bá yọ nínú rẹ̀, tàbí orúkọ òkú kan.

Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ti mọ iye òkú rẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò bá a kà á. Ohun tí àwọn èèyàn yẹn ò tíì gbọ́ lórí rédíò orílẹ̀-èdè wọn ni kí ẹnì kan dárúkọ ilẹ̀ wọn tìfẹ́tìfẹ́. Bí orúkọ West Virginia bá ti jáde nínú ìròyìn láwọn ọdún yẹn, jàǹbá ni, tàbí ìṣẹ́, tàbí yẹ̀yẹ́. Orin yìí ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibẹ̀ torí ibẹ̀ ni ilé òun. Ìdí tó fi wọ̀ wọ́n lára nìyẹn, lójú tèmi. Kò pẹ́ sí i, ní oṣù Kejì ọdún 1972, ìdídò ilé-iṣẹ́ èédú kan já ní Buffalo Creek, omi dúdú sì gbé èèyàn 125 lọ. Àwọn èèyàn tó ń gbọ́ orin náà lórí rédíò nígbà yẹn, inú irú ayé yìí ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ipò kejì àti ipò àádọ́ta

Àwo náà ò kọ́kọ́ rìn. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, RCA pe Denver pé àwọn ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní rárá o, kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 1971, wọ́n fún un ní oyè góòlù, èyí tí wọ́n ń fún àwo kékeré tó bá tà tó mílíọ̀nù kan. Ní ọjọ́ 28, ó dé ipò kejì lórí àtẹ ìwé ìròyìn Billboard. Orin Bee Gees ló dúró lókè rẹ̀. Lórí àtẹ Cash Box àti ti Record World, ipò kìíní ló dé.

Ẹ wá wo àtẹ orin kọ́ńtírì ti Billboard kan náà. Ipò 50 ni orin náà dúró níbẹ̀, kò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀. Orin tí kọ́ńtírì wà nínú orúkọ rẹ̀, tó ní báńjò, tó ní òkè, tó ní ìyá, tó ní ọ̀nà oko! Àwọn tó ń gbé àwo sáfẹ́fẹ́ ní àwọn ilé rédíò kọ́ńtírì ò kà á sí tiwọn. Denver gùn nírun, ó wọ awò róbótó, ó jọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ́de lòdì sí ogun Vietnam. Kì í ṣe ọmọ Nashville, ìlú tí orin kọ́ńtírì fi ṣe ibùjókòó.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1973, Olivia Newton-John, tó dàgbà ní Ọsirélíà, kọ orin yìí kan náà, ó sì wọ ipò 15 ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ orin kọ́ńtírì ní Nashville fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọrinbìnrin tó ta yọ jù. Inú bí àwọn àgbà olórin kan; wọ́n pàdé nílé George Jones àti Tammy Wynette, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti dáàbò bo kọ́ńtírì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kà sí àjèjì. Nígbà tó wá di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 1975, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ, ti òṣèré tó ta yọ lọ́dún, kàn Denver. Charlie Rich, tó gba oyè náà lọ́dún tó ṣáájú, ló máa ka orúkọ. Ó yọ ìwé jáde, ó fi iná sí i lójú gbogbo èèyàn, ó wá ka orúkọ John Denver bí ìwé náà ṣe ń jó. Denver wà ní Ọsirélíà, orí tẹlifíṣọ̀n ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Kò rí iná náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Títí dòní ni àwọn èèyàn ń jiyàn lórí ohun tí Rich ní lọ́kàn. N kò fẹ́ dá sí i. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ni ọjà kọ́ńtírì ń ti orin náà sẹ́yìn, àwọn tó ni ilẹ̀ tí orin náà ń yìn sì ń fà á mọ́ra. Ọ̀tọ̀ ni ọlọ́jà, ọ̀tọ̀ ni onílẹ̀.

Òkè àti odò

Ẹ̀sùn kan wà tí wọn kì í yéé fi kan orin náà: ojú ilẹ̀ inú rẹ̀ ò péye. Òkè Blue Ridge àti odò Shenandoah ni orin náà dárúkọ, ìta West Virginia ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì sì wà, pàápàá ní Virginia. Ní West Virginia, igun kékeré kan níhà ìlà-oòrùn, ìjọba ìbílẹ̀ Jefferson, ni wọ́n ti kan ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlú Harpers Ferry wà, níbi tí Shenandoah ti ń ya wọ Potomac, tí John Brown sì ti gbógun ti oko-ẹrú lọ́dún 1859. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé apá ìwọ̀-oòrùn Virginia ni orin náà ń bá wí.

Tí ẹ bá mọ ìtàn igun náà, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín. West Virginia àti Virginia jọ jẹ́ ìpínlẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló pín wọn níyà; Virginia lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀, àwọn ará òkè kọ̀, wọ́n sì di ìpínlẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, ọdún 1863. Nígbà tí ogun parí, Virginia fẹ́ gba Jefferson àti Berkeley tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padà, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọdún 1871 ni wọ́n dá a pé West Virginia ló ni wọ́n. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni àwo Denver jáde. Igun ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dé kóòtù yẹn gan-an ni òkè àti odò inú orin náà ti fara kan West Virginia. Danoff lè má ní èyí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ibi tó nawọ́ sí kì í ṣe ilẹ̀ onílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà á

Ọdún 1972 ni Yunifásítì West Virginia ní Morgantown bẹ̀rẹ̀ sí í lo orin náà níbi ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n bá gbà nílé, wọn ò sì tíì dá a dúró. Bí wọ́n bá borí, èrò kì í tú ká. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òǹwòran á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á jọ kọ ọ́. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń ṣí pápá ìṣeré tuntun, Denver wá fúnra rẹ̀. Ó dúró láàárín pápá, gbogbo pápá sì bá a gbe orin. Gómìnà ìgbà náà ni Jay Rockefeller, ọmọ ìdílé olówó tó ti òde wá sí West Virginia lọ́dún 1964 láti ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù, tó sì di onílé níbẹ̀. Àlejò kan ń kọrin, àlejò mìíràn ń ṣe gómìnà. N'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wà fún irú èyí: Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì.

Nígbà tí mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí ohun tó wà nílé wa tí n kò kà sí. Nínú agboolé Yorùbá, ta ló mọ oríkì ilé jù? Àwọn ìyàwó ilé wà níwájú nínú wọn. Agboolé mìíràn ni wọ́n ti wá, àwọn ni wọ́n sì ń kúnlẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń ki ọkọ, tí wọ́n ń ki ọmọ, tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn baba ńlá tí kì í ṣe baba tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta ló fún wọn láṣẹ. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ń kì í nítorí wọ́n fẹ́ràn ẹni tí wọ́n ń kì. Danoff fetí sí Wheeling láti kékeré. N kò mọ bí ẹnì kan ṣe lè ní kò lẹ́tọ̀ọ́.

Denver kú ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1997, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń dá wà já sínú òkun ní Monterey, ní California. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2014, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin West Virginia sọ orin náà di ọ̀kan nínú àwọn orin ìpínlẹ̀. Mẹ́ta ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń kọ níbi ayẹyẹ, ṣùgbọ́n orí ìwé ni púpọ̀ nínú ìyẹn ń gbé. Èyí tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ mọ̀ lórí, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dé ládé lẹ́yìn ọdún 43. Lọ́dún 2017, àjọ arìnrìn-àjò afẹ́ ìpínlẹ̀ náà gba àṣẹ láti máa fi orin náà pe àlejò wá. Nígbà tó di 2023, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington fi í kún àwọn ohùn tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè.

Ìró mẹ́rin

Orin náà ò gbé ní West Virginia nìkan. Ray Charles kọ ọ́ lọ́dún 1972, ó sọ ọ́ di orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 1973, Toots and the Maytals kọ ọ́ ní rẹ́gè, ní Jàmáíkà. Wọ́n yọ West Virginia, wọ́n fi West Jamaica sí i. Ẹ kà á: ìró mẹ́rin. Ní Japan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i ní èdè wọn fún fíìmù káàtúùnù kan lọ́dún 1995. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà méjì lọ gbá ìdíje ní Munich ní Jámánì, nǹkan bí 70,000 èèyàn gbe orin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo fídíò rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló mọ ibi tí Wheeling wà?

Nílé tiwa, olùkọ́ ni bàbá mi. Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n ti wá, ìlú tí òkè yí ká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba gbé wọn wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò á máa kọ Jim Reeves, Skeeter Davis, Don Williams. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi náà rántí. Bí orin Denver bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé áyọ̀ọ̀nù dúró. Tó bá dé ibi orúkọ, wọn kì í pe West Virginia. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n máa ń pè, bí àwa ọmọ ilé ṣe ń pè é, ìró mẹ́rin, ó sì bọ́ sínú orin náà wẹ́kú. Ọmọdé ni mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe bí òyìnbó náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sílé. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, mo bá wọn lójúde, wọ́n ń yọ èèpo kúrò lára ẹ̀gúsí, wọ́n ń fẹnu kọ orin náà. Nígbà tó dé ibi orúkọ, West Virginia ni mo gbọ́. Mo ní, "Bàbá, Òkèmẹ̀sí ńkọ́?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe inú ẹ̀ la jókòó sí yìí ni?"